Ṣé wọ́n bá a nílé? Ẹjọ́ Olorì Catherine ará Aragon

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, aṣọ funfun ló ń parí irú ẹjọ́ yìí. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní ìyàwó, ilẹ̀ á mọ́, àwọn àgbà obìnrin á gbé e jáde, gbogbo agboolé á sì mọ̀ bóyá wọ́n bá ọmọ nílé tàbí wọn ò bá a. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lóru ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1501, kò sẹ́ni tó béèrè aṣọ. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà sí i, wọ́n mú ọmọkùnrin ọdún 15 kan àti ọmọbìnrin tó kù díẹ̀ kó pé 16 lọ síbẹ̀, àwọn àlejò jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó ju ọdún 25 lọ kí àwọn adájọ́ tó wá jókòó lé ọ̀rọ̀ òru yẹn. Nígbà tí wọ́n sì fi máa dìde, ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti já kúrò lára Róòmù.

Ìtàn ìfẹ́ Henry Kẹjọ ọba Gẹ̀ẹ́sì àti Anne Boleyn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ọ́ sí. Èmi fẹ́ràn láti kà á bí ẹjọ́, torí pé tí èèyàn bá kà á bẹ́ẹ̀, obìnrin tí wọ́n ń kọ̀ sílẹ̀ ló mọ òfin jù nínú gbogbo wọn.

Catherine ni àbíkẹ́yìn Ferdinand ọba Aragon àti Isabella ọbabìnrin Castile. Wọ́n bí i ní Alcalá de Henares, lẹ́bàá Madrid, ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1485. Ìyá rẹ̀ jọba fúnra rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé ọmọ ogun kiri ojú ogun. Ọmọ tó dàgbà lẹ́sẹ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò lè rí ìdí tí wọn ò fi ní fi ọmọbìnrin jọba, èyí sì máa ṣe pàtàkì níwájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, Juan, kú ní 1497. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àgbà, Isabella, fẹ́ Manuel ọba Pọ́túgàl, ó sì kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1498. Kí ọdún 1500 tó parí, Póòpù ti yọ̀ǹda, Manuel sì ti fẹ́ Maria, àbúrò olóògbé. Juana, èkejì ọmọbìnrin, ló bí Charles, tó padà di olú ọba tó ń ṣàkóso Spéènì, Jámánì, Netherlands àti apá ńlá ní Ítálì. Ẹ máa rántí Manuel tó fẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ẹ sì máa rántí Charles.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Catherine nígbà tí wọ́n fi í fún Arthur, àrẹ̀mọ Henry Keje ọba Gẹ̀ẹ́sì, nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Medina del Campo ní 1489. Lọ́dọ̀ tiwọn, bàbá ìyàwó ló ń sanwó. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí jẹ́ 200,000 kúráùn, ìdajì rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, ìdajì lẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi gbé e gúnlẹ̀ sí Plymouth ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1501. Àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ń jẹ́ Henry, ló mú un lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Saint Paul lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n kó tọkọtaya náà lọ sí Ludlow, nítòsí ẹnubodè Wales. Àìsàn mú àwọn méjèèjì. Catherine yè é. Arthur kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1502, ìgbéyàwó náà ò tí ì pé oṣù márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin ọdún 16 ṣe di opó nílẹ̀ àjèjì, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn.

Owó ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ferdinand ní kí wọ́n dá ìdajì tí òun ti san padà. Henry Keje ní kí ó mú ìdajì tó kù wá. Nígbà tí ìyàwó Henry Keje kú ní oṣù Kejì ọdún 1503, wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ pé kí bàbá ọkọ fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, Isabella sì bínú gidi. Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n wá rí, kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n: kí àbúrò ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àmọ́ òfin ìjọ Kátólíìkì kò gba opó ṣíṣú. Ẹni tó bá ti bá obìnrin sùn, ẹbí ọkùnrin náà ti di ẹbí obìnrin, àbúrò rẹ̀ ò sì lè fẹ́ ẹ mọ́ àyàfi tí Póòpù bá yọ̀ǹda. Ibí yìí ni ìbéèrè òru ọjọ́ yẹn ti kọ́kọ́ yọjú. Doña Elvira, àgbà obìnrin tó ń tọ́jú Catherine, kọ̀wé sí Isabella pé wúńdíá ṣì ni ọmọ náà. Ferdinand gbà á gbọ́. Síbẹ̀, lóṣù Kẹjọ ọdún 1503, ó kọ̀wé sí aṣojú rẹ̀ ní Róòmù pé lóòótọ́ wúńdíá ni, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn àríyànjiyàn, kí wọ́n kúkú gba ìyọ̀ǹda bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti sùn pọ̀. Àgbẹ̀ tó ń fi ẹ̀gún yí oko rẹ̀ ká ni Ferdinand rò pé òun ń ṣe. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ òun ni ẹ̀gún náà máa gún. Nígbà tí Póòpù Julius Kejì fọwọ́ sí ìwé náà, ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo há a láàárín, ọ̀rọ̀ Látìnì náà *forsan*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “bóyá”. Wọ́n ti ṣègbéyàwó, bóyá wọ́n sì ti sùn pọ̀.

Ìyá Catherine kú ní 1504, iye tí ọmọ ń jẹ lọ́jà wá já wálẹ̀. Ọmọ ọba Spéènì tí ìyá rẹ̀ ti kú kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Henry Keje fi í sílẹ̀ ní ilé Durham ní Lọ́ńdọ̀nù, kò jẹ́ kó ṣègbéyàwó, kò sì jẹ́ kó padà sílé. Ó tiẹ̀ mú kí ọmọ rẹ̀ kọ ìfẹ́sọ́nà náà ní ìkọ̀kọ̀ ní 1505. Ọdún méje ni Catherine fi wà lọ́wọ́ wọn. Ó ń ta àwo fàdákà rẹ̀ jẹun, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ò rí owó gbà, ó ń kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ léraléra. Ní 1507, bàbá fún un ní ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí aṣojú Spéènì lọ́dọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń jókòó bá àwọn olóṣèlú sọ̀rọ̀ orí ìgbéyàwó ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Henry Keje kú lóṣù Kẹrin ọdún 1509, ọmọ rẹ̀ jọba gẹ́gẹ́ bí Henry Kẹjọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó fi fẹ́ Catherine ní Greenwich, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà. Ọkọ kò tí ì pé 18, ìyàwó jẹ́ 23.

Wọ́n dára pọ̀, kò yẹ ká fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn pa ìyẹn rẹ́. Nígbà tí Henry lọ jagun ní Faransé ní 1513, Catherine ló fi ṣe adelé. James Kẹrin ọba Skọ́tlándì, tó jẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n Henry, rò pé ilé ti ṣófo, ó kógun wọlé, wọ́n sì pa á ní Flodden ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án. Catherine fi aṣọ tí wọ́n bọ́ lára òkú ọba náà ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òkú gan-an ni òun ì bá fi ránṣẹ́, ọkàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ò gbà á. Obìnrin tí wọ́n máa ń yà bí ẹni tó kàn ń ké ní igun ilé nìyẹn.

Ọmọ ni ò dúró. Èyí àkọ́kọ́, ọmọbìnrin, wọ́n bí i ní òkú lóṣù Kìíní ọdún 1510. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1511, ọkùnrin dé. Henry ṣe ìdíje ẹlẹ́ṣin ní Westminster láti fi yọ̀, wọ́n sì ya gbogbo rẹ̀ sórí awọ gígùn kan tó ṣì wà títí dòní. Lára àwọn afunkàkàkí tó wà lórí ẹṣin nínú àwòrán náà, ọkùnrin dúdú kan wà tó wé láwàní, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya á. John Blanke lorúkọ rẹ̀. Pẹ́ńsì 8 lójúmọ́ ni ààfin ń san fún un, ó kọ̀wé sí ọba pé kí wọ́n sọ ọ́ di 16 bíi ti ẹlòmíràn, ọba sì gbà. Mo máa ń tún àwòrán yẹn wò, torí pé ọmọ tí John Blanke ń fun kàkàkí fún kò lò ju ọjọ́ 52 lọ láyé. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dé, òmíràn lọ. Nínú oyún mẹ́fà ó kéré tán, Mary nìkan ló dúró, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1516. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 1518, ọmọbìnrin ni, kò gbé.

Ọ̀dọ̀ wa, àbíkú ni wọn ì bá pè é, wọn ì bá ti máa sọ ọmọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé, wọn ì bá sì gbé ọ̀ràn náà lọ bá babaláwo. Henry gbé tirẹ̀ lọ bá Bíbélì. Ó ṣí Léfítíkù 20:21, ó kà pé ẹni tó bá fẹ́ aya arákùnrin rẹ̀ yóò jẹ́ aláìlọ́mọ, ó ní òun ti rí ẹ̀ṣẹ̀ òun. Nígbà tó fi di 1527, Catherine ti lé ní 40, oyún ti dá, Henry ti rí ọmọ ọkùnrin kan lọ́dọ̀ Elizabeth Blount ní ìta, ojú rẹ̀ sì ti wà lára Anne Boleyn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń sin olorì.

Ẹni tó bá tún ṣí ìwé Deutarónómì, orí 25, ẹsẹ 5, máa rí ìdàkejì: bí ọkùnrin bá kú láìlọ́mọ, kí arákùnrin rẹ̀ ṣú opó náà. Mósè kan náà ló gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀. Léfítíkù sì tún sọ pé aláìlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ Mary wà níwájú gbogbo ayé, ó ń lu ohun èlò orin. Àwọn ọ̀mọ̀wé ọba wá dáhùn pé ní èdè Hébérù, ọmọkùnrin ni wọ́n ní lọ́kàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti di kí á máa wá ìtumọ̀ fún ohun tí ọkàn ti yàn.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìwé ẹjọ́ yìí. Henry ti bá Mary Boleyn, ẹ̀gbọ́n Anne, sùn rí. Nípa òfin kan náà tó fi ń sọ pé Catherine kì í ṣe aya òun, Anne náà ti di èèwọ̀ fún un. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1527 kan náà tó ń bẹ Póòpù kó sọ pé Póòpù tẹ́lẹ̀ kò lágbára láti yọ̀ǹda irú ẹbí bẹ́ẹ̀, ó tún ránṣẹ́ sí Póòpù pé kó yọ̀ǹda irú ẹbí bẹ́ẹ̀ gan-an fún òun. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, bíi ti Manuel ọba Pọ́túgàl.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1527, Kádínà Wolsey, olórí ìránṣẹ́ ọba, pe ìjókòó ìkọ̀kọ̀ kan láti yẹ ìgbéyàwó náà wò, wọn ò sọ fún olorì. Nínú oṣù yẹn kan náà, àwọn ọmọ ogun Charles, ọmọ ẹ̀gbọ́n Catherine, ya wọ Róòmù, wọ́n kó o, wọ́n sì há Póòpù Clement Keje mọ́ inú ilé olódi Sant'Angelo. Ẹni tí Henry fẹ́ kó tú ìgbéyàwó ká ti di ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ ẹbí ìyàwó.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ni Henry tó lọ bá Catherine, ó sọ fún un pé ọdún 18 ni wọ́n ti fi ń gbé nínú ẹ̀ṣẹ̀. Catherine sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó wá ọ̀nà bí Charles á ṣe gbọ́. Ìránṣẹ́ rẹ̀ kan ará Spéènì, Francisco Felipez, lọ bá ọba pé ìyá òun ń ṣàìsàn, òun fẹ́ lọ wò ó, ṣùgbọ́n olorì ò jẹ́. Olorì fajú ro, ó ní òun ò gbà lóòótọ́. Henry ti mọ̀ pé ẹ̀tàn ni, òun náà bá díbọ́n: ó bá ìránṣẹ́ bẹ olorì, ó fún un ní ìwé ìrìnnà, ó sì ránṣẹ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n mú un ní Faransé. Ọgbọ́n tí ahun gbọ́n, ẹ̀yìn ló ń tọ ti ìgbín. Felipez kò gba Faransé, ojú omi ló gbà, kí oṣù Keje tó parí ó ti wà níwájú Charles ní Valladolid.

Wolsey, tó mọ òfin, rí ihò kan nínú ọ̀rọ̀ Catherine. Ìdènà méjì ni òfin ìjọ ní. Èkíní ń wá látinú sísùn pọ̀. Èkejì ń wá látinú ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọn ò fọwọ́ kan ara wọn. Èkíní ni ìwé Julius dìídì tú. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni olorì ń sọ, èkejì ni ìdènà tó wà níbẹ̀, ìwé kò sì dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ọ̀nà yìí, òtítọ́ olorì gan-an ni wọn ì bá fi mú un. Henry ò fẹ́ gbọ́. Léfítíkù ni ó ti kà, Léfítíkù ni ó fẹ́, torí pé ó fẹ́ kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá a láre, kó má jẹ́ pé àṣìṣe akọ̀wé kan ló tú u sílẹ̀.

Póòpù rán Kádínà Campeggio wá ní 1528 láti bá Wolsey dá ẹjọ́ náà. Arìnmá-yára ni, àrùn oríkèé dè é lẹ́sẹ̀, àṣẹ tó sì gbà ní Róòmù ni pé kó máa fà á. Ó gba olorì nímọ̀ràn kó wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin, kí gbogbo ayé sinmi. Catherine ní ìgbéyàwó ni Ọlọ́run pe òun sí. Ó lọ bá Campeggio láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sọ fún un lábẹ́ ìjẹ́wọ́ pé bí òun ṣe jáde nínú ìyá òun ni òun ṣe kúrò lọ́dọ̀ Arthur, ó sì fún un láyè kó sọ ọ́ síta. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn. Ohun tí àlùfáà gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́ wúwo ju ìbúra lọ, òun sì ni ó ṣí èdìdì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ jókòó ní Blackfriars, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1529. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, akéde pe Henry ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó dáhùn. Ó pe Catherine olorì Gẹ̀ẹ́sì. Kò dáhùn. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó rìn yí ká láàárín èrò títí ó fi dé ẹsẹ̀ ọba, ó kúnlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣì ní ohùn Spéènì nínú. Ó ní àlejò ni òun, òun ò ní ẹni tó máa gba ẹjọ́ òun rò láìbẹ̀rù. Ó ní ó lé ní ogún ọdún tí òun ti jẹ́ aya rẹ̀, òun ti bímọ fún un, Ọlọ́run ló pè wọ́n lọ. Ó wá ní nígbà tí ó kọ́kọ́ bá òun, wúńdíá tí ọkùnrin kò fọwọ́ kàn ni òun, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá irọ́ ni o, ẹ̀rí ọkàn Henry ni òun fi í lé lọ́wọ́.

Arthur ti kú. Ẹni méjì péré ló kù láyé tó lè sọ bóyá wọ́n bá Catherine nílé ní 1509, ọ̀kan kúnlẹ̀, ìkejì jókòó sórí ìtẹ́. Ó fi ìbéèrè náà lé e lọ́wọ́ ní gbangba. Henry ò sọ̀rọ̀.

Ó dìde, ó tẹríba, ó gba ọ̀nà ìta lọ. Akéde pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń mú un lọ́wọ́ ní wọ́n ń pè é, ó ní kò kàn án, ilé ẹjọ́ yẹn ò lè dá a ní òdodo, òun ò ní dúró. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Wọ́n bá ẹjọ́ lọ láìsí i níbẹ̀. Àwọn ìjòyè àgbàlagbà wá jẹ́rìí. Ọ̀kan ní nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 15, òun ti lè ṣe é, kí ló dé tí Arthur ò ní lè ṣe é? Anthony Willoughby ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, Arthur pe òun pé kóun gbé bíà wá, pé àárín Spéènì ni òun sùn mọ́jú. Ọdún 28 lẹ́yìn tí ọmọ ọdún 15 ti fọ́nnu, wọ́n gbé ìfọ́nnu rẹ̀ wá siwájú kádínà méjì.

Ẹni kan wà tó ṣeé ṣe kó mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí Catherine ń bọ̀ láti Spéènì, ó mú ẹrúbìnrin kan dání, Mọ́ọ̀ ni, ìran àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Spéènì, Catalina lorúkọ rẹ̀, ará Motril ní ẹkùn Granada. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá rẹ̀. Òun ló ń ká aṣọ láàárọ̀. Ó ti padà sílé lẹ́yìn náà, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣe ọrun. Ní 1531, nígbà tí Spéènì ń kó ẹlẹ́rìí jọ, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n wá. Nínú ìwé ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀rí rẹ̀ ò sí. Aṣọ funfun wa ló kù díẹ̀ kó jáde yẹn.

Ọjọ́ tí olorì ń kúnlẹ̀ ní Blackfriars yẹn gan-an, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, Charles fọ́ ọmọ ogun Faransé ní Landriano nítòsí Milan. Ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀ Campeggio. Póòpù ti mọ ẹni tí òun máa bá gbé ní Ítálì, ó bá Charles ṣe àdéhùn lóṣù náà, ó sì gba ìpẹ̀jọ́ Catherine sí Róòmù. Campeggio ní ilé ẹjọ́ Róòmù ti lọ sinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di oṣù Kẹwàá. Kò tún jókòó mọ́. Wolsey pàdánù ipò rẹ̀, ó sì kú ní 1530, lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń mú un bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Èèyàn tó bá ní òfin ló dúró ti Catherine níbí ń tan ara rẹ̀. Ogun ló dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ wá rọ̀ sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀, gbogbo wọn sì ń gbé ààfin kan náà. Catherine ló ṣì ń rán ṣẹ́ẹ̀tì fún Henry. Lọ́jọ́ kan Anne rí i tí wọ́n ń gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ olorì láti rán, ó bá ọba jà. Martin Luther, tí kò fẹ́ràn Henry rárá, kọ̀wé ní 1531 pé ó sàn kí ọba fẹ́ ìyàwó kejì lé e ju kó kọ èyí àkọ́kọ́ lọ. Ní ọ̀pọ̀ agboolé Yorùbá, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀, Anne á jẹ́ ìyàwó kékeré, á sì máa kúnlẹ̀ kí ìyálé láàárọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1531, Henry àti Anne gẹṣin jáde ní Windsor láìdágbére. Catherine ò tún fojú kan ọkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n gba Mary lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyókù yára. Oṣù Kìíní ọdún 1533, Henry fẹ́ Anne ní ìkọ̀kọ̀, oyún ti wà nínú rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Róòmù mọ́. Thomas Cranmer, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tuntun ní Canterbury, jókòó sí Dunstable lóṣù Karùn-ún. Catherine wà ní Ampthill tí kò jìnnà, kò jẹ́ ìpè. Ní ọjọ́ 23, Cranmer ní kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀ rí. Wọ́n dé Anne ládé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Ọmọ tí gbogbo èyí torí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ dé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, obìnrin ni.

Lóṣù Keje, Lord Mountjoy, ìjòyè tí ọba rán, dé Ampthill pé orúkọ Catherine ti yí padà. Láti ìsinsìnyí, Opó Àrẹ̀mọ ni wọn yóò máa pè é, opó Arthur. Ìròyìn ohun tí wọ́n bá a sọ wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n gbé e wá kí òun kà á. Ó gbé kálámù, gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ Opó Àrẹ̀mọ, ó fi yíǹkì fa ìlà gùn ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kì í ṣe opó ẹnikẹ́ni, ọkọ òun wà láàyè. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn pé owó rẹ̀ á dín, ìránṣẹ́ rẹ̀ á lọ, Mary á jìyà rẹ̀. Owó dín, ìránṣẹ́ lọ, Mary sì jìyà rẹ̀. Nígbà tí Duke Suffolk wá kó o kúrò ní Buckden lóṣù Kejìlá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n já a bí wọ́n bá fẹ́. Àwọn ará abúlé kó ọkọ́ àti àdá dúró síta, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń wò. Suffolk padà.

Róòmù dájọ́ níkẹyìn, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1534. Ìgbéyàwó Henry àti Catherine dúró ṣinṣin. Ó ti gbà tó ọdún méje, ìdájọ́ náà kò sì lè gbé igi kan kúrò nínú àhámọ́ rẹ̀. John Fisher, bíṣọ́ọ̀bù tó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò ní Blackfriars, àti Thomas More, tó ti jẹ́ ìjòyè ńlá ọba tẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ́ wọn lórí ní 1535.

Kimbolton ni wọ́n gbé e sí gbẹ̀yìn. Ó ń bẹ̀rù májèlé débi pé inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná oúnjẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún tuntun 1536, María de Salinas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Spéènì, kan ilẹ̀kùn ilé náà lálẹ́ láìní ìwé àṣẹ, ó ní ẹṣin ti gbé òun ṣubú lójú ọ̀nà, ó bọ́ sínú, wọn ò sì rí i lé jáde mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni Catherine kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, ní ẹni 50 ọdún.

Kó tó kú, ó kù ohun kan láti ṣe, níbẹ̀ ni mo sì ti rí i dájú pé ó mọ òfin jù wọ́n lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè kò lè kọ ìwé ìhágún. Opó lè kọ ọ́. Bó bá kọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbà pé opó Arthur ni òun. Ó bá kọ ẹ̀bẹ̀, aya ń bẹ ọkọ rẹ̀: kó jẹ́ kí wọ́n san gbèsè òun àti owó àwọn ìránṣẹ́ òun, kí wọ́n ṣe ìsìn Máàsì 500 fún ọkàn òun, kí ẹnì kan bá òun rìn lọ sí Walsingham láti gbàdúrà, kí ó máa fún àwọn tálákà lówó lójú ọ̀nà, kí wọ́n fi àwọn aṣọ òun rán ohun ọ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí Mary gba awọ onírun ara àwọn aṣọ náà àti ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí òun mú wá láti Spéènì.

Henry fẹ́ kó ẹrù náà. Richard Rich, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, ló wá ṣàlàyé fún un pé kò rọrùn. Ọkọ ló lè kó ẹrù aya tó kú, ó sì ti fi òfin sọ pé òun kì í ṣe ọkọ. Bó bá kó o ní tààrà, ó ti ta ko ìdájọ́ ara rẹ̀. Wọ́n ní kó gba ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò yẹn, kí ìyẹn yan àwọn tó máa bójú tó ẹrù olóògbé, kí ọba wá gbà á lẹ́yìn, pé owó ìsìnkú ni.

Wọ́n sin ín sí Peterborough ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní. Wọn ò jẹ́ kí Mary wá. Eustace Chapuys, aṣojú Charles, ti ń múra ìrìn àjò náà. Nígbà tó gbọ́ pé orúkọ Opó Àrẹ̀mọ ni wọ́n máa fi sin ín, ó ní òun ò lọ.